Láti Orí Àrokò dé Orí Émójì: Ìtàn Ìsopọ̀ Àmì ní Adó-Èkìtì àti Agbègbè Rẹ̀

Ó ti mọ́ àwa olùkọ́ èdè Yorùbá lára láti máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé émójì ni àrokò òde òní. Àwa tí a ń kọ àpilẹ̀kọ yìí náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí nínú kíláàsì ní Adó-Èkìtì. Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dùn sí i, nítorí pé ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ alágbèéká ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ ni a fi wé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka ìdáhùn wọn nínú ìwé ìdánwò, a rí i pé ọ̀rọ̀ wa ti ṣì wọ́n lọ́nà. Àmì kan, ìtumọ̀ kan, ni wọ́n ń kọ: owó ẹyọ túmọ̀ sí èyí, ìyẹ́ túmọ̀ sí tọ̀hún, àfi bí ẹni ń ka ìwé atúmọ̀ èdè. Àrokò kò rí bẹ́ẹ̀. Émójì pàápàá kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé inú ìsopọ̀ ni ìtumọ̀ ti ń jáde nínú àwọn méjèèjì, àti pé èdè tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀ ni ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ jù. (Ẹ jẹ́ kí a yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àròkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ní kó ṣàlàyé àrokò, tó wá kọ ìtàn ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, kò ṣọ̀wọ́n rárá.)

Kò yẹ kí a jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ ìsopọ̀ àmì. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Adó lọ sí Ìyìn àti Ìgèdè, tàbí tó kọjá Ìwòrókò lọ sí Ìfàkì, tó sì la ojú rẹ̀ sílẹ̀, lè rí ààlè lórí ìdì igi ìdáná tàbí lẹ́nu ọ̀nà oko. Ṣùkù àgbàdo tí a ti ṣẹ́ ọmọ rẹ̀ tán lè wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìkarahun ìgbín òfìfo, àjókù ìgbálẹ̀ àti àkísà pupa. Bí a bá mú ìkarahun ìgbín nìkan, pàǹtí lásán ni. Bí a bá so ó mọ́ ìgbálẹ̀ àti ṣùkù, kí a sì gbé e kọ́ sórí ohun tí kì í ṣe ti ẹni tó ń wò ó, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀: ulé olè (bí ará Èkìtì ṣe ń pe ilé) yóò ṣófo, a óò gbá a mọ́, ohun tó ní yóò ré dànù bí ọmọ àgbàdo. Ibi tí a gbé e kọ́ sí wà lára gbólóhùn náà.

Àkọsílẹ̀ tó ràn wá lọ́wọ́ jù lórí àrokò kò ti Èkìtì wá. C. A. Gollmer, ọmọ Jámánì tó bá ìjọ C.M.S. ṣiṣẹ́ ní Àgbádárìgì, Èkó àti Abẹ́òkúta, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885. Ní 1887, a tún tẹ àlàyé àwọn àrokò Ìjẹ̀bú jáde nínú ìwé kan náà. Àpẹẹrẹ kan nínú iṣẹ́ Gollmer tó ohun tí a lè fi odidi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ni. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kọlu Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n mú onígbàgbọ́ kan tó ń jẹ́ John Baptist Dasalu lẹ́rú lọ. Láti ìgbèkùn ni àrokò kan ti tọ aya rẹ̀ wá. Ohun márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: òkúta, èédú, ata, àgbàdo gbígbẹ àti àkísà. Òkúta ní ara òun le. Èédú ní ọjọ́ iwájú òun ṣókùnkùn. Ata ní ọkàn òun ń gbóná. Àgbàdo ní òun ti gbẹ. Àkísà ní aṣọ òun ti gbó mọ́ òun lára.

Ẹ jẹ́ kí a yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò wò. Bí òkúta nìkan bá dé, aya yóò dá ọpẹ́, yóò sì gbàgbé pé ìyà ń jẹ ọkọ òun. Bí kò bá sí òkúta níbẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀fọ̀. Òkúta pẹ̀lú àwọn mẹ́rin yòókù ló sọ ohun tí Dasalu fẹ́ sọ: mo wà láàyè, ṣùgbọ́n ẹ yára. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ pé “èédú túmọ̀ sí òkùnkùn”, tó sì dúró síbẹ̀, kò tíì ka lẹ́tà náà.

Ọ̀nà kejì tí àrokò ń gbà sọ̀rọ̀ ni ó kan àwa olùkọ́ èdè gan-an. Bí a bá so owó ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n kọjú sí ara wọn, ìfẹ́ àti ìpàdé ni. Bí wọ́n bá kọ̀yìn sí ara wọn, ìjà ti dé. Ìdí ni pé owó ẹyọ ní ojú, ó sì ní ẹ̀yìn, àwa náà sì ń sọ pé ẹnìkan kọjú sí wa tàbí ó kọ̀yìn sí wa. Iye náà ń sọ̀rọ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà ní “mo fà mọ́ ọ”, nítorí ẹ̀fà. Mẹ́jọ ní “ọ̀rọ̀ wa jọ”, nítorí ẹ̀jọ. Kí ẹ sì kíyè sí àmì ohùn. Ìró ìsàlẹ̀ ló wà lórí fà, òun náà ló parí ẹ̀fà. Ìró àárín ló wà lórí jọ, òun náà ló parí ẹ̀jọ. Ẹni tó ṣẹ̀dá àrokò wọ̀nyí kò kàwé, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò gba kí ohùn yà. Bí ó bá fẹ́ fi mẹ́rin sọ “rìn”, ohùn yóò kọ̀ fún un, nítorí ẹ̀rin kò parí bí rìn. Èyí ni ohun tí a ń sọ nù nígbà tí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ há ìtumọ̀ àrokò sórí láìjẹ́ kó pe nọ́ńbà náà sókè.

Ìwé kíkọ ló ti àrokò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn tí Christ's School bẹ̀rẹ̀ ní Adó ní 1933, tí àwọn ilé-ìwé míràn sì tẹ̀ lé e, ọmọ tó lè kọ lẹ́tà kò ṣòro láti rí mọ́. A kò ní pẹ́ lórí èyí, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ohun tí a kì í sábà rántí ni fláàṣì. Nígbà tí ẹ̀rọ alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ 1901+100, ìyẹn 2001, owó ìpè wọ́n, ìṣẹ́jú gbáko ni a sì ń san owó rẹ̀ fún. Ọdún 2003 ni Globacom bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá. Kí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà lọ́nà Ìwòrókò ṣe? Wọ́n á jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gé e: mo ti délé. Kó dún lẹ́ẹ̀mejì: pè mí. Ẹni méjì ló ń dá àdéhùn rẹ̀ láàrin ara wọn, owó kankan kì í jáde, ẹni kẹta kò sì lè mọ ohun tí wọ́n sọ. Lójú tiwa, fláàṣì sún mọ́ owó ẹyọ lórí okùn ju émójì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀.

Japan ni émójì ti wá. Èdè wọn ni ọ̀rọ̀ náà, e jẹ́ àwòrán, moji jẹ́ lẹ́tà. Ní 1999, Shigetaka Kurita ṣe àwòrán 176 fún ilé-iṣẹ́ NTT DoCoMo; àmì tóótòòtó 12 ní ìbú àti 12 ní òró ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ míràn níbẹ̀ ti ṣe tirẹ̀ ní 1997. Ní 2010 ni àjọ Unicode, tó ń fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, gba émójì wọlé, láti ìgbà náà ni ó sì ti di ti gbogbo ayé. Ní 2015 ni a fún àwọn ojú àti ọwọ́ ní àwọ̀ ara márùn-ún. Ní 2019 ni ẹni tó kúnlẹ̀ dé, èyí tí àwọn ọmọ wa gbà lọ́wọ́ kan fún ìkíni àgbà. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tó tẹrí ba mọ́lẹ̀, tó jẹ́ àṣà Japan, ni wọ́n ń lò fún ìdọ̀bálẹ̀.

Okùn wà nínú émójì náà, ṣùgbọ́n ojú kò rí i. Bí a bá rí àwòrán ìdílé kan, bàbá, ìyá àti ọmọ, àwòrán mẹ́ta ni nígbà mìíràn, tí àmì kan tí kò hàn so pọ̀. Bí ẹ̀rọ tí a fi ránṣẹ́ sí kò bá mọ ìsopọ̀ náà, okùn já nìyẹn: bàbá lọ́tọ̀, ìyá lọ́tọ̀, ọmọ lọ́tọ̀. Àsíá Nàìjíríà náà, àmì lẹ́tà méjì, N àti G, ni a so pọ̀ tó fi di àsíá.

Ṣùgbọ́n okùn tó wà láàrin ènìyàn ló tètè ń já jù. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan tí ọ̀kan nínú wa wà, a kéde ikú olùkọ́ àgbà kan. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì fi ojú mẹ́ta ránṣẹ́ ní ìtẹ̀léra, èyí tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjì tó pàdé sí ẹ̀yìn wọn. Ọmọ olóògbé jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a pe bàbá, ó ní, “Omi ni mo rí lójú rẹ̀ o, ẹ bá mi bẹ ọmọ yẹn.” Ojú yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ Oxford fi ṣe ọ̀rọ̀ ọdún 2015. Èyí tó tún jù ú lọ ni pé àwọn ọ̀dọ́ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́ fún ẹ̀rín. Ojú tó ń sunkún kíkorò ni wọ́n ń tò sí ara wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti sọ pé ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n, agbárí òkú sì lè tẹ̀ lé e. Àgbà fi ẹ̀rín sunkún, ọmọ fi ẹkún rẹ́rìn-ín. Ìka ọwọ́ méjì tó pàdé tí bàbá fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kó tọ́ àwọn tó kù sọ́nà. Ẹni tó ń fi ènìyàn ṣẹlẹ́yà kì í parí rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà. Àmì àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n kà.

Ewúrẹ́ wá ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi àwòrán ewúrẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ agbábọ́ọ̀lù tàbí olórin tí wọ́n fẹ́ràn. Lójú àgbà Èkìtì, èébú ni, ewúrẹ́ ni ẹni tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Lẹ́tà mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan, tó ń sọ pé onítọ̀hún ju gbogbo ẹni tó ti wà rí lọ, ló pàdé tó di orúkọ ewúrẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Fìlà náà ńkọ́? Àwa ń ṣí fìlà fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún. Àwọn ọmọ ń fi fìlà sọ pé irọ́ ni, nítorí pé orúkọ fìlà ní Gẹ̀ẹ́sì ti di irọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà. Nítorí náà, kò tọ́ kí a sọ pé émójì kò mọ eré ìró ọ̀rọ̀. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀nà tí ẹ̀fà gbà di fà ni ewúrẹ́ gbà di akọni, Gẹ̀ẹ́sì ló kàn fi ń ṣe é.

Ibi tí ọ̀ràn yìí ti hàn kedere ni ohun ìsọmọlórúkọ. Ìkòkò oyin wà nínú émójì láti 2010, iyọ̀ dé ní 2018. Obì àti orógbó kò sí níbẹ̀. Adùn oyin kò nílò èdè, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n obì ń bì, orógbó ń mú ni gbó, èyí kò sì yé ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Iyọ̀ ní tirẹ̀ wà ní ìdajì ọ̀nà: ó ń mú nǹkan dùn, ó sì tún ní kí á yọ̀, ohùn rẹ̀ sì bá a mu. Lẹ́nu àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe émójì, iyọ̀ túmọ̀ sí ẹni tí inú ń bí.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé eré ọmọdé ni gbogbo èyí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ẹyin odídẹrẹ́ tí a gbé fún Aláàfin ní kí ó lọ kú. Ní 2023, ilé-ẹjọ́ kan ní Saskatchewan ní Kánádà dájọ́ pé àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè, tí àgbẹ̀ kan fi dá ẹni tó fẹ́ ra irè oko rẹ̀ lóhùn, tó ìfọwọ́sí ìwé àdéhùn, ó sì ní kó san owó tó lé ní 82,000 dọ́là Kánádà. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fara mọ́ ọn ní 2024. Kò yà wá lẹ́nu púpọ̀. Àwọn ìyá wa tí kò kàwé ti ń fi àtàǹpàkò tẹ ìwé tipẹ́.

Nípa ìdánwò, ìbéèrè tí a ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀ ni: “Kí ni ìtumọ̀ owó ẹyọ mẹ́fà?” Èyí tí a ń lò nínú kíláàsì tiwa báyìí ni: “So àmì mẹ́ta pọ̀. Sọ ẹni tí o fi ránṣẹ́ sí, ohun tí ó yẹ kó kà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ ìró ọ̀rọ̀ nínú wọn àti èyí tó jẹ́ ìrísí tàbí adùn, kí o sì sọ bí ẹlòmíràn ṣe lè ṣì í kà.” Máàkì márùn-ún ni fún apá tó kẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan láti Ìgèdè fi iyọ̀, oyin àti ẹni tó kúnlẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ àgbà lórí ọmọ tuntun tí wọ́n bí nílé wọn. Ó ní bàbá àgbà yóò yọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n òun ní Èkó bá rí i, yóò ní ta ló bí òun nínú. A fún un ní gbogbo máàkì márààrún.