Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, Másùnmáwo àti Àrùn Ọkàn Láàárín Òṣìṣẹ́ ní Pobè

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù jẹ́ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe, torí ara kò lè ṣe kó má ní i. Àmọ́ bí oríṣi tí wọ́n ń pè ní LDL bá pọ̀ jù, a máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi há. Bó bá dí lọ́kàn, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Bó bá dí lọ́pọlọ, ẹ̀gbà dé nìyẹn.

Epo pupa ni wọ́n sábà máa ń nàka sí. Ìlú ọ̀pẹ sì ni Pobè ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà níbẹ̀. Epo pupa kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rárá, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ irú tó ń mú LDL gòkè. Ó jẹ̀bi díẹ̀. Kò tọ́ ká di gbogbo ẹrù lé e lórí láìwo iṣẹ́ tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ ń ṣe.

Ẹ wo akọ̀pẹ: ó so igbà mọ́ra, ó gun ọ̀pẹ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gun òmíràn. Ẹ wá wo ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní sẹ́mìjàn: àtàárọ̀ ló ti jókòó sórí alùpùpù lójú ọ̀nà Sakété, tó ń yẹ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù, tó ń ro owó tó gbọ́dọ̀ kó fún ẹni tó ni alùpùpù lálẹ́. Ní 1953, Jerry Morris àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde pé àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ń ní àrùn ọkàn ju àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì alájà méjì lọ. Wọ́n tún padà wo ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà, wọ́n sì rí i pé awakọ̀ ti tóbi níkùn jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjókòó nìkan kọ́.

Ti másùnmáwo ńkọ́? Ní 1958, àwọn dókítà Friedman àti Rosenman ní Amẹ́ríkà ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn oníṣirò owó léraléra. Bí gbèdéke owó orí ṣe ń sún mọ́lé ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wọn ń ga, tó bá kọjá ó ń wálẹ̀, oúnjẹ kọ́ ló sì fà á. Lọ́dún 2004, ìwádìí INTERHEART ní orílẹ̀-èdè 52, tí Bẹ̀nẹ̀ wà nínú wọn, ka másùnmáwo mọ́ ohun mẹ́sàn-án tó ń fa ìkọlù ọkàn, pẹ̀lú ọ̀rá ẹ̀jẹ̀, sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kì í dun ni. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bó bá kọjá gíráàmù 2 nínú lítà kan, dókítà yóò wo LDL lọ́tọ̀. Àyẹ̀wò náà ń gba òwúrọ̀ kan lọ́wọ́ ọlọ́kadà, owó òwúrọ̀ yẹn ló sì fẹ́ fi ra bẹntiróòlù.