Àrùn Ọpọlọ àti Iṣan Tó Ṣọ̀wọ́n: Mélòó Ni Wọ́n, Ta Ló sì Ń Ru Ẹrù Wọn?

Nígbà tí dókítà bá sọ fún ìdílé kan pé àrùn tó ń bá ọmọ wọn jà ṣọ̀wọ́n, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń gbọ́ ni pé àwọn nìkan ni irú rẹ̀ bá láyé. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àrùn tí kò bá mú ju ẹnì kan lọ nínú ènìyàn 2,000 ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1983 kan ló wà fún un: àrùn tí àwọn tó ní in kò bá tó 200,000 ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú àrùn bẹ́ẹ̀ ju 6,000 lọ, wọ́n sì ṣírò pé àwọn tó ń bá wọn gbé káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 300, ìyẹn nǹkan bí ènìyàn 3.5 sí 5.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá fi 3.5 yẹn, tó kéré jù, wọn Nàìjíríà tí èrò rẹ̀ ju mílíọ̀nù 200 lọ, ó lé ní mílíọ̀nù 7.

Púpọ̀ nínú wọn ló ń mú ọpọlọ, mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, tàbí àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ọwọ́, ẹsẹ̀, ojú àti ọ̀fun. Àwọn yìí là ń pè ní àrùn ọpọlọ àti iṣan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè là ń sọ o. Ẹni tó ń ṣe lè má lè gbé ṣíbí dé ẹnu, kí làákàyè rẹ̀ sì pé pérépéré.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Guillain-Barré. Ènìyàn á ṣu ìgbẹ́ gbuuru tàbí kó wúkọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ara á sì yá. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, àtẹ́lẹsẹ̀ á máa ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, ẹsẹ̀ á rọ, àìlágbára náà á sì máa gòkè lọ sí itan, sí ọwọ́, sí ojú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun ara tó bá kòkòrò àìsàn jà ti ṣìnà, fọ́nrán iṣan onítọ̀hún fúnra rẹ̀ ni wọ́n wá dojú kọ. Lọ́dọọdún, ẹnì kan tàbí méjì nínú 100,000 ló ń ṣe. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, ènìyàn 2,000 sí 4,000 nìyẹn lọ́dún kan. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ni kò ní lè mí dáadáa mọ́ títí wọn yóò fi gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn mí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń padà rìn, bí wọ́n bá tètè dé ilé ìwòsàn, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ẹbí fi ń wádìí ẹni tó gbé oògùn sílẹ̀ tí ọmọ wọn fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tàbí àlùjọ̀nnú tó gùn ún. Àdúrà kò ní kí a má wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Iye tí à ń kà yìí, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ jọ, a kò sì lè máa dà á kọ bẹ́ẹ̀ fún ara wa. Àrùn SMA, tó ń sọ iṣan ọmọdé di aláìlágbára, ń mú nǹkan bí ọmọ kan nínú 10,000 tí wọ́n bí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Mali wò, àwọn tó gbé àbùdá rẹ̀ kéré gan-an sí ti ọ̀hún. Àrùn sì wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni wọ́n ti rí i. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà ní ilẹ̀ Yorùbá ṣàkíyèsí pé lásìkò òjò, láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá, àwọn kan á ṣàdédé máa gbọ̀n, wọn kò ní lè dúró, wọn kò ní lè rìn tààrà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀dí rẹ̀. Ní 1993, Dókítà Bọ́lá Adámọ́lékùn kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet pé kòkòrò Anaphe tí àwọn ènìyàn ń yan jẹ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹbí kan náà ni òun àti kòkòrò tí a ń fi òwú rẹ̀ hun sányán. Èròjà kan nínú rẹ̀ máa ń ba fítámìnì B1 jẹ́ lára, fítámìnì B1 yìí kan náà, tí kò wọ́n, sì ni oògùn rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ti wọ àwọn abúlé agbègbè Ẹ̀pẹ́ láti ka àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí ojú àti etí wọn sì ń lọ. Májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa ló gbà pé ó fà á. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ti bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ní tiwa, irú ìrìn abúlé dé abúlé bẹ́ẹ̀ la fẹ́ kó pọ̀ sí i, torí àrùn tí kò sí ẹni tó ń wá a kò lè wọ inú ìwé ìṣirò kankan.

Ẹrù náà ń bẹ̀rẹ̀ láti orí wíwá orúkọ àrùn. Ní ilẹ̀ àwọn olówó pàápàá, ó máa ń gbà tó ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Nínú ìwé tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 2017, àwọn dókítà onímọ̀ ọpọlọ àti iṣan jẹ́ 7.1 fún ènìyàn 100,000 ní àwọn ilẹ̀ tó lówó, àti 0.1 ní àwọn ilẹ̀ tó tòṣì jù. Ẹnì kan fún mílíọ̀nù kan nìyẹn. Ilé ìwòsàn ńlá nínú ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ tiwa wà, nítorí náà owó ọkọ̀ ni ará Ṣakí kọ́kọ́ ń wá kó tó kan owó àyẹ̀wò. Ní Nàìjíríà, ju ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ìtọ́jú ló ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde.

Oògùn mìíràn wà tó jẹ́ pé àpò ẹnikẹ́ni kò lè gbé e. Nígbà tí Zolgensma, abẹ́rẹ́ SMA tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019, 2,125,000 dọ́là ni wọ́n pè é. Ní 2021, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn tó ń ṣe é dúnàádúrà, àwọn ọmọ tó yẹ fún un níbẹ̀ sì ń gbà á láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ tí òbí Yorùbá bí sí London lè rí i gbà. Ìbátan rẹ̀ tí wọ́n bí sí Òṣogbo, ó di kí ẹbí máa tọrọ owó lórí fóònù.

Síbẹ̀, owó oògùn nìkan kọ́. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lórí àrùn 379 tó ṣọ̀wọ́n fi hàn pé ohun tí wọ́n ná orílẹ̀-èdè náà ní 2019 fẹ́ẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù dọ́là, àti pé ju ìdajì rẹ̀ lọ kì í ṣe owó ilé ìwòsàn rárá, bí kò ṣe iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn àti ìnáwó inú ilé. Níbí, ìyá ló ń palẹ̀ ìsọ̀ mọ́ kó lè máa gbé ọmọ. Ẹ̀gbọ́n obìnrin ló ń fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ìyá yìí náà ni wọ́n tún ń bi pé kí ló jẹ nígbà tó lóyún! Bẹ́ẹ̀ nǹkan bí méje nínú àrùn mẹ́wàá tó ṣọ̀wọ́n ló ti inú àbùdá wá, nínú ọ̀pọ̀ wọn sì rèé, bàbá àti ìyá ló jọ gbé e láìmọ̀, gẹ́gẹ́ bí AS méjì ṣe ń bí SS. Ohun kan tún wà tó yẹ kí àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sálásí wò: owó tí a ń dá jọ sábà máa ń jẹ́ ti iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan, aláìsàn yìí sì nílò díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn kan nínú àrùn wọ̀nyí gbóògùn dáadáa. Myasthenia gravis ń mú nǹkan bí ènìyàn 15 sí 20 nínú 100,000: ìpéǹpéjú á máa wálẹ̀ nírọ̀lẹ́, ohùn á máa rẹlẹ̀ bí ènìyàn bá ti ké Kùránì pẹ́ díẹ̀, oúnjẹ á máa há lọ́fun. Oògùn oníhóró, pyridostigmine, ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ní wákàtí mélòó kan síra ni wọ́n ń lò ó, nítorí náà kí aláìsàn bá dókítà àti ààfáà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí Ràmádáàn tó dé. Ẹ̀sìn ti gbà fún aláìsàn láti má gba ààwẹ̀. Kí ó sì sọ orúkọ àrùn rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tà á ní oògùn: chloroquine, quinine, ciprofloxacin àti gentamicin, tí a ń rà ní kẹ́míìsì bí ẹni ra búrẹ́dì, lè mú kí àrùn yìí le sí i.

Fún ìdílé tó ṣì ń wá orúkọ àrùn, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe é, torí ó lè má ṣe é níwájú dókítà. Ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo oògùn tó ti lò, ti àgbo pẹ̀lú, àti ẹnikẹ́ni ní ìdí ìyá tàbí ìdí bàbá tí irú rẹ̀ ti ṣe rí, títí kan ọmọ tó kú ní kékeré. Ẹ má ju ìwé àyẹ̀wò àtijọ́ nù. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan.