Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tó Ń Di Odidi: Ìtàn Bí Fáìlì Ìkànnì Ṣe Ń Kéré Sí I

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Orí òwe yìí ni ìtàn wa lónìí dá lé: bí àwọn tó ń kọ kóòdù ṣe kọ́ láti máa fi àbọ̀ ránṣẹ́ kí ìkànnì lè tètè ṣí, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa tí à ń fi owó ọwọ́ wa ra dátà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ẹdẹ, nítorí ìlú onílù ni. Tìmì Ẹdẹ, Ọba John Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tó gorí ìtẹ́ ní 1946, mọ ìlù lù dáadáa, òun fúnra rẹ̀ sì kọ àpilẹ̀kọ lórí ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1959. Dùndún kì í pe kọ́ńsónáǹtì, kì í pe fáwẹ́lì. Ohùn nìkan ló ń gbé. Lẹ́nu ìlù, “ilé”, “igbá” àti “ọkọ́” kò yàtọ̀ síra, nítorí ohùn kan náà ni wọ́n ní. Ìdí nìyí tí onílù fi máa ń fi gbólóhùn kún un kí olùgbọ́ lè mọ èyí tó ń wí. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kò burú láti yọ nǹkan kúrò nínú iṣẹ́ tí a ń jẹ́, bí ẹni tí a jẹ́ ẹ fún bá ṣì lè rí odidi rẹ̀ mú.

Ọdún 1995 ni Brendan Eich ṣẹ̀dá JavaScript ní ilé iṣẹ́ Netscape. Láti ìgbà náà ni kóòdù inú ìkànnì ti ń sanra. Ẹni tó ń kọ ọ́ a máa fi àyè sílẹ̀, a máa sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà tuntun, a sì máa kọ àlàyé síbẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí i kà. Kọ̀ǹpútà kò nílò àlàyé yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àyè òfìfo náà. Ní 2001, Douglas Crockford gbé JSMin jáde láti máa yọ wọ́n kúrò. YUI Compressor ti Yahoo dé ní 2007, Closure Compiler ti Google ní 2009, UglifyJS ní 2010. Àwọn wọ̀nyí tún ń gé orúkọ kúrú: ohun tí a pè ní “iyeOwoTiOnibaaraSan” á di “a” lásán, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní yí padà.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n fáìlì nìkan kọ́ ni ìṣòro. Bí wọ́n ṣe pọ̀ tó náà ń dá ni dúró. Ìlànà HTTP/1.1 ti 1999 dá a lábàá pé kí browser má ṣe ṣí ju ọ̀nà 2 lọ sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìkànnì bá ní fáìlì 20, ṣe ni wọ́n á tò sórí ìlà. Ó dà bí ìgbà tí ìyá rán ọmọ lọ sí Ọjà Tìmì fún ata, tó dé, tó tún rán an fún alùbọ́sà, tó dé, tó tún rán an fún iyọ̀. Ẹrù kò wúwo, ìrìn ló pọ̀. Nínú ìwé tí Steve Souders kọ ní 2007, òfin àkọ́kọ́ ni pé ká dín iye ìbéèrè kù. Báyìí ni síso fáìlì púpọ̀ pọ̀ di ẹyọ kan ṣe gbilẹ̀.

Ní tiwa, ìrìn yẹn jìn gan-an. Ọ̀pọ̀ ìkànnì tí à ń ṣí wà lórí kọ̀ǹpútà ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà. Ìbéèrè láti Ẹdẹ gbọ́dọ̀ ré òkun kọjá kó tó padà. Fóònù GSM dé Nàìjíríà ní 2001, ṣùgbọ́n 2010 ni okùn abẹ́ òkun MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Láàárín ìgbà yẹn, Opera Mini, tó jáde fún gbogbo ayé ní 2006, di ààyò ọ̀pọ̀ èèyàn. Kọ̀ǹpútà Opera ló máa ń ṣí ojú-ìwé náà lókèèrè, á fún un pọ̀, kó tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù kékeré.

Ní 2015, HTTP/2 dé. Ọ̀nà kan ṣoṣo ti tó láti kó ọ̀pọ̀ fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà síso gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò pọn dandan bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó tiẹ̀ ní àléébù: bí a bá tún ìlà kan ṣe, gbogbo fáìlì ńlá náà ni olùkà á tún gbà. Dídín kóòdù kù ní tirẹ̀ ṣì wúlò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èdè wa nìyí. Lórí kọ̀ǹpútà, “e” gba báìtì 1, ṣùgbọ́n “ẹ́” gba báìtì 5 nínú UTF-8. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé ká yọ àmì kúrò kí ìkànnì lè fúyẹ́, ká rántí pé àyè òfìfo kọ́ ni àmì ohùn. Bí a bá kọ “oko” lásán, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọkọ, oko, ọkọ̀ tàbí ọkọ́ là ń wí? Àwòrán kan ṣoṣo lè wúwo ju gbogbo àmì inú àròkọ bí irú èyí lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ jẹ́ ká dín àwòrán kù, ká gé kóòdù, ká sì tọ́jú ojúlówó kóòdù náà síbi tí a ti lè rí i kà lọ́la. Ohùn ni dùndún mú nígbà tó fi gbogbo ìyókù sílẹ̀. Àwa náà ò gbọdọ̀ jẹ́ kó bọ́.