Àwọn tó fi ìbínú jáde

Lálẹ́ àná, bàbá kan jáde nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwa télọ̀ Ketu sí Mile 12. Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa jẹ alága ló dìjà. Bàbá kọ ọ̀rọ̀ gígùn, wọ́n ní torí ìlú àwọn la ò ṣe mú àwọn, wọ́n sì jáde. Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn mìíràn ti tẹ̀lé wọn. Èmi náà wà lára àwọn tó fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan fún yín. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí l'Ékòó.

Ní 1934, àwọn dókítà, akọ̀ròyìn àtàwọn ọ̀mọ̀wé míì dá Lagos Youth Movement sílẹ̀. Inú ń bí wọn sí ilé ẹ̀kọ́ gíga Yaba, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ò tó ti yunifásítì. Ní 1936, wọ́n sọ orúkọ ẹgbẹ́ di Nigerian Youth Movement. Ní 1938, wọ́n fẹ̀yìn ẹgbẹ́ Herbert Macaulay gbolẹ̀ nínú ìbò Èkó, ẹgbẹ́ tó ti ń wọlé láti 1923!

Ní 1941, Dókítà Kofo Àbáyọ̀mí fi àga rẹ̀ sílẹ̀ nílé aṣòfin. Ta ló máa rọ́pò rẹ̀? Ernest Ikoli, ọmọ Nembe, àbí Samuel Akisanya, ọmọ Ìsarà? Ẹgbẹ́ mú Ikoli. Azikiwe tó wà lẹ́yìn Akisanya ní ẹ̀yà ni wọ́n fi yàn án. Ó bínú jáde, ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀bú àti Ìgbò sì bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀yìn Ikoli ló wà o.

Ikoli dé ilé aṣòfin. Akisanya di Ọdẹ́mọ Ìsarà lọ́dún yẹn kan náà. Ní 1944, Azikiwe àti Macaulay, ẹni tí wọ́n jọ fìdí rẹ̀ rẹmi ní 1938, ló jọ dá NCNC sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́? Kò tún lágbára bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Àwọn tó kù borí nínú àríyànjiyàn, àmọ́ ilé ti dahoro mọ́ wọn lórí.

Ogiri tí ò lanu, aláǹgbá ò ríbi wọ̀ ọ́. Inú ẹgbẹ́ wa yìí la ti ń pín iṣẹ́ aṣọ ẹbí ńlá tápá ẹnì kan ò ká. Ta la máa pín in fún báyìí?

Mo ti ní kí alága tuntun gbé bá a ṣe ka ìbò síta. Mo pe bàbá náà láàárọ̀ yìí, wọn ò gbé e. Màá tún pè.