Iyán Inú Orúkọ Ògìyán

Ògìyán ni oyè ọba Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun òde òní. Orúkọ yìí kan náà ni a fi ń pe òrìṣà ìlú náà, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà funfun. Àwọn àgbà ní iyán ni ó wà nínú rẹ̀: òrìṣà tí í jẹ iyán. Iṣu ni a sì ń gún kí ó tó di iyán.

Nígbà tí òwò ẹrú kó àwọn ènìyàn wa dé Bàhíà, wọ́n gbé orúkọ náà dání. Oxaguiã ni wọ́n ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún. Odó ni àmì rẹ̀, iṣu sì ni oúnjẹ ọdún rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Yorùbá mọ́, síbẹ̀ wọn kò fi ẹ̀gẹ́ rọ́pò iṣu, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni ó kún ilẹ̀ Bràsíl. Láti ibẹ̀ ni àwọn Potogí ti gbé e wá sí Áfíríkà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn tí ń fi ẹ̀bà bọ Ògìyán nílé jà, nítorí pé iṣu gbówó lórí. Abala iṣu kan, tí a gún nínú odó kékeré, tó.