Bí Ilé Ìgbohùnsílẹ̀ Ṣe Di Ẹrù Àpò

Ní 1922, Lọ́ńdọ̀nù lọ́hùn-ún ni a ti gba ohùn Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, sínú àwo, nítorí pé láyé ìgbà náà, lọ́pọ̀ ìgbà, akọrin ni í tọ ẹ̀rọ lọ, ẹ̀rọ kì í sábà tọ akọrin wá. Ṣùgbọ́n ní 1979, ilé iṣẹ́ TEAC ti Jàpáánì gbé ẹ̀rọ Portastudio jáde, tí ń gba ohùn mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì lásán. Òun ni akọrin Amẹ́ríkà, Bruce Springsteen, gbé kalẹ̀ nínú yàrá ilé rẹ̀ ní New Jersey ní ìbẹ̀rẹ̀ 1982, tí ó fi kọ àwọn orin inú àwo Nebraska fún ìdánrawò, kí ó tó wá hàn pé ìdánrawò náà dùn ju èyí tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ ńlá lọ.

Kọ̀ǹpútà ló rọ́pò kásẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà Mac mini ti 2005 kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 16.5 lọ, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Lójú tèmi, ariwo fáànù inú kọ̀ǹpútà ni kí ẹni tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ bẹ̀rù, ju ìwọ̀n àpótí lọ, nítorí máíkìrófóònù kì í ṣojúsàájú. Ìdí nìyí tí inú àwọn agbohùnsílẹ̀ fi dùn nígbà tí kọ̀ǹpútà alágbèéká MacBook Air bọ́ fáànù sílẹ̀ ní 2020.