Ta Ló Ń Sọ Ènìyàn Di Ọ̀daràn?

Àwọn àgbà ní, níbi tí òfin kò bá sí, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀ tiwa, ti Kosofe nítòsí Mile 12, ojú wa ló rí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, àbúrò bàbá mi fi ọ̀kadà gbé èrò, ó sì ra búrẹ́dì wálé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi Kosofe kún ibi tí ọ̀kadà kò gbọdọ̀ dé mọ́. Ìjọba ní ìdí tirẹ̀: ìjàǹbá ojú pópó àti àwọn olè tó ń fi ọ̀kadà sá lọ. Síbẹ̀, iṣẹ́ àná ti di ọ̀ràn.

Kí wá ni ọ̀ràn? Kì í ṣe gbogbo ohun tí kò dára ni. Ní ọdún 1961, kóòtù ìbílẹ̀ kan dá obìnrin kan lẹ́bi àgbèrè. Nínú ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi, ilé-ẹjọ́ gíga fagi lé ìdájọ́ náà, nítorí pé kò sí òfin àkọsílẹ̀ níhà gúúsù tó pè é ní ọ̀ràn. Ìlànà yìí ṣì wà nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, abala 36(12).

Ṣùgbọ́n òfin fúnra rẹ̀ lè ṣini mú. Tẹ́lẹ̀, wọ́n lè mú ènìyàn fún "wandering", ìyẹn rírìn kiri lásán. Ọdún 1989 ni ìjọba ológun pa á rẹ́.

Kí ló ń mú ènìyàn hùwà ọ̀daràn? Ní ọdún 1876, dókítà ará Ítálì kan, Cesare Lombroso, kọ̀wé pé a máa ń bí àwọn kan ní ọ̀daràn, pé ìrísí orí àti ojú wọn ń fi wọ́n hàn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ já a nírọ́. Wọ́n ń wo ìṣẹ́, ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ àti ẹ̀kọ́ ilé. Yorùbá náà ní, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Síbẹ̀, títí dòní, àwọn kan ń wo irun orí ọ̀dọ́ àti àdúgbò rẹ̀, wọ́n á sì pè é ní olè.

Àbúrò bàbá mi ti ta ọ̀kadà náà. Bárò ló ń tì lọ́jà Mile 12. Kí òfin mú ẹni tó bá jalè. Ṣùgbọ́n kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀daràn, ẹ jẹ́ ká bèèrè: òfin wo ló rú, ta ló sì ṣe òfin náà?